Apá Òsì Tí Mo Fi Sílẹ̀

Nígbà tí mò ń kúrò ní Ṣakí, mo búra pé ọwọ́ mi kò ní tẹ ara ẹnikẹ́ni láyé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí ìbúra náà já sí, kí ẹ lè rí mi fi rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀: lónìí, ara èèyàn ni mo fi ń jẹun. Ọlọ́kadà, tíṣà, ìyálọ́jà, gbogbo wọn ló ń dùbúlẹ̀ síwájú mi ní Atakpamé níbí, ní ilẹ̀ Tógò, tí mò ń pò wọ́n bí ìyẹ̀fun.

Ìyá mi ni gbogbo àdúgbò wa máa ń ránṣẹ́ sí tí obìnrin bá bímọ. Kì í ṣe agbẹ̀bí. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ dé láti ọsibítù ni iṣẹ́ tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á wẹ̀ ẹ́, á fi òrí pa á, á wá máa nà án: apá ọ̀tún, apá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà á kọjú sí ìyá ọmọ, á fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn títí ìyẹn á fi máa pe bàbá tó bí i lọ́mọ. Èmi ni mò ń gbé omi gbígbóná. Èmi náà ló yẹ kí n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé èmi nìkan ni obìnrin tó bí, àti nítorí ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi tóbi débi pé wọn kì í jẹ́ kí n bu ẹ̀wà fún ara mi nílé.

Mo ní mi ò ṣe. Mo ní mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mi ò lè fi ọjọ́ ayé mi wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Níwájú ìyá ìkókó méjì ni mo ti sọ ọ́. Ìyá mi kò bú mi, kò gbá mi létí. Ó kàn ní, "Ó dáa," ó sì ń ṣan abọ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Rábì, tó ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà Atakpamé, ní kí n máa bọ̀ wá bá òun, ìyá mi di oúnjẹ fún mi, ó gbé e fún àbúrò mi ọkùnrin, Látí, pé kó gbé e fún mi. Ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín wa.

Èrò mi ni pé kí ọdún tó yípo, màá ti di ọ̀gá oníṣòwò, màá sì fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pè é, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn: kí ìyá mi gbà kí wọ́n gbé fóònù fún òun.

Ohun tó kọ́kọ́ bá mi wí ní Atakpamé ni òkè. Ọmọ ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mí. Mo gbé abọ́ mẹ́jọ lérí lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo ń gun ọ̀nà kan tó dà bí ẹni pé wọ́n gbé e dúró, ìyá arúgbó kan tó ru igi sì kọjá lára mi. Ó tún padà wò mí. Ó sọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àánú ló wà nínú rẹ̀.

Èdè wá ni ìkejì. Ní ilé, wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn Ifẹ̀ tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ọmọ ìyá wa ni wọ́n, èdè wọn àti tiwa jọ tan. Ni mo bá ń rìn bí ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òótọ́ ni pé èdè jọ tan, ṣùgbọ́n bí ìbátan tí wọ́n ti pínyà láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Màá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, inú mi á dùn, Faransé á bọ́ sí àárín, èdè Ewé á wá pa á dé. Tí wọ́n bá bi mí ní iye tí abọ́ jẹ́, ẹ̀rín ni mo fi ń dáhùn, àwọn oníbàárà sì rò pé ẹ̀rín ni ẹ̀dínwó. Láàárín oṣù díẹ̀, Àǹtí Rábì gbé mi kúrò nídìí ọjà, ó fi mí sídìí gbígbá ilẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń pe ilé. Látí ló ń gbé e. "Ṣé Màámi wà níbẹ̀?" "Wọ́n wà níbí." "Sọ fún wọn pé mo kí wọn." Màá gbọ́ tí Látí bá yí ojú kúrò, màá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, Látí á wá padà pé, "Wọ́n ní o kú àìsùn." Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Látí kàn ń ṣe ọmọlúàbí.

Ẹ̀yìn tó ń dun Àǹtí Rábì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Madame Célestine. Ọmọ Ifẹ̀ ni obìnrin yìí, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ màsáàjì ní Lomé, ó wá gba yàrá tóóró kan lẹ́bàá òkè, ó kùn ún ní funfun, ó gbé àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá kan kọ́ sára ògiri. Mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ láti bá a gbé báàgì. Madame wo ọwọ́ mi. Ó gbé e sókè, ó yí i padà, bí ẹni ń ra iṣu.

"Èyí ń ṣòfò nídìí abọ́," ó wí.

Àǹtí Rábì ní kí ó máa mú un lọ, tòun ti ẹni tó ni ín. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta láti fi dán mi wò. Tí mo bá yege, mo di òṣìṣẹ́. Tí mo bá kùnà, Àǹtí Rábì ní òun á dá mi padà sí Ṣakí kí n lọ bá ìyá mi di abọ́ omi mú. Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín tó.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà bí ẹni ń kọ́ kéú. Ti àwọn ará Swídìn la fi bẹ̀rẹ̀: oníbàárà á dùbúlẹ̀ sórí tábìlì gíga, wàá fi òróró ra ẹ̀yìn rẹ̀ gùn-ún-gùn-ún lọ sí ọ̀nà ọkàn, wàá pò ó, wàá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá a kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹran ara tó le á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rìn dáadáa, ẹni tí kì í rí oorun sùn á sì sùn. Ti Jàpáànù kò lo òróró. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ojú ibì kan, wọ́n á dúró, wọ́n á mí, wọ́n á sún sí òmíràn. Ti Ṣáínà ni ti àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀yà ara ló ní ojú ibi tirẹ̀ níbẹ̀: ibí ni ti ẹ̀dọ̀, ọ̀hún ni ti kíndìnrín. Madame sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè fi ojú rí i bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín jáde. Èmi ní tèmi gba àwòrán náà gbọ́ pátápátá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ kí n má baà ṣe kíndìnrín mi léṣe.

Ó tún kọ́ mi ní ohun tí a kì í ṣe, ibẹ̀ ni kò sì ti gba ẹ̀rín. A kì í tẹ ẹni tí ibà ń ṣe. A kì í tẹ ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì gbóná, ọsibítù ni kó gbà lọ. A máa ń bi obìnrin bóyá ó lóyún. "Ọwọ́ tí kò béèrè," Madame máa ń wí, "ẹ má jẹ́ kó kàn yín."

Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni kò gbẹ̀kọ́. Òfin ilé náà ni pé kí yàrá dákẹ́, kí orin kékeré máa dún, kí òṣìṣẹ́ má sọ̀rọ̀. Ẹ wo èmi ọmọ Yorùbá. Bí oníbàárà bá ti ní "hùn-ún", mo ti ní "pẹ̀lẹ́". Mo bá tún tẹ̀ ẹ́. "Hùn-ún." "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." "Hùn-ún!" "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú, ó ti fẹ́ tán." Tíṣà kan tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò gbé orí sókè lórí tábìlì, ó fi Faransé bi Madame pé kí ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún, ṣé mo ti ṣẹ́ nǹkan lára òun ni?

Madame pè mí sí ìta. "Mademoiselle, ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà lò ń bá a kẹ́dùn. Mú ọ̀kan."

Mi ò lè mú ọ̀kan. Níbi tí mo ti wá, ẹni tí kò bá sọ pẹ̀lẹ́ fún ẹni tí nǹkan ń dùn, ọ̀dájú ni, kódà tó bá jẹ́ pé òun ló fà á. Mo máa ń ronú sí i tí mo bá ń gun òkè lọ sílé. Mo ti fi ìlú mi sílẹ̀, mo ti fi iṣẹ́ ìyá mi sílẹ̀, mo ti ń wọ aṣọ funfun bíi nọ́ọ̀sì, àmọ́ ìlú náà jókòó sẹ́nu mi, kò sì lọ. Ó ń tì mí lójú nígbà náà. Mo ń fi ètè mi sábẹ́ eyín bí mo bá ti rí oníbàárà tó ń bọ̀.

Èyí tó wá le jù ni ti Tàílándì. Orí ẹní ni wọ́n ti ń ṣe é, oníbàárà kì í bọ́ aṣọ. Òṣìṣẹ́ á lo ọwọ́, á lo ìgúnpá, á lo orúnkún, á tún fi ẹsẹ̀ tẹ èèyàn ní itan àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, á fà á, á nà án. Ó máa ń tú oríkèé tó ti gan, ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ á tún lè ṣe é. Mo fi ìrọ̀rí ńlá kan kọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìrọ̀rí náà bó ṣe wù mí, mo ń ré e kọjá síwá sẹ́yìn. Ìrọ̀rí kò dàgbà jù mí lọ, kò sì sí ohun tó fi ń dá mi lẹ́rù.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, ẹni tí Madame mú wá fún ìdánwò ni Pápá Ambroise. Àgbẹ̀ ni, abúlé rẹ̀ wà lọ́nà Anié. Bàbá ńlá ni, irun rẹ̀ ti funfun, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún láti ìgbà ìkórè. Ó dùbúlẹ̀ dojúbolẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ mọ́ ògiri, ó ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ.

Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo kí i. Madame tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mí kanlẹ̀. Mo wá dìde, mo di ẹ̀yìn àga mú, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé itan ẹni tó ju bàbá mi lọ. Ẹ bá mi wò ó! Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀, mo ń sọ pẹ̀lẹ́ sínú. Ṣùgbọ́n mo ṣe apá ọ̀tún náà dáadáa, mi ò ní purọ́. Mo tẹ itan, mo tẹ ẹ̀gbẹ́, mo fi ìgúnpá wá ibi tó le nínú ìbàdí, mo dúró síbẹ̀ títí ó fi yọ̀ǹda. Pápá Ambroise mí jáde bí táyà tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Mo wo Madame, ó ń mi orí.

Ó wá ku apá òsì. Yàrá há, ẹní kan ògiri lórí àti nísàlẹ̀, kò sí ibi tí mo lè gbà yípo. Mo ní láti ré e kọjá. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo ti wà lódìkejì. Ni mo bá gbọ́ ohùn ìyá mi létí kedere, bí ó ṣe máa ń pariwo mọ́ wa tí a bá ré ọmọ tó dùbúlẹ̀ kọjá: "Gba ibi tí o gbà padà! Ṣé o fẹ́ kó má ga mọ́ ni?" Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi padà.

Èyí tó burú jù ni pé orí mi dàrú. Mo kúnlẹ̀, mo rí itan níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Apá ọ̀tún ni mo tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, mo nu òógùn, mo sì ní, "Bàbá, ẹ kú ìfaradà."

Pápá Ambroise dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀rín náà lọ. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi," ó wí ní èdè Ifẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣeni láàánú pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, "ìdajì mi ti di ọ̀dọ́. Ìdajì tó kù ń bèèrè pé kí lòun ṣe."

Mọ́tò abúlé kò dúró de ẹnì kan. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Madame Célestine kò pariwo. Ó ká ẹní, ó ní, "Mademoiselle, èèyàn kan, apá méjì ni. Má wá ní ọjọ́ Ajé."

Àǹtí Rábì ló pe Ṣakí nírọ̀lẹ́ náà láti sọ pé kí wọ́n máa retí mi. Ó rò ó fún Látí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ibì kan, ó tún fi ti ìbúra mi kún un. Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, èmi sì ń gbọ́ ẹ̀rín Látí lódìkejì. Lójijì, ẹ̀rín Látí dáwọ́ dúró. Àǹtí Rábì wo fóònù, ó na án sí mi.

"Apá wo lo fi sílẹ̀?"

Ìyá mi ni. Ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn.

"Màámi..."

"Apá wo?"

"Apá òsì, Màámi."

"Níbo ni ẹni náà wà?"

"Ó ti lọ sí abúlé rẹ̀."

"Àwọn èèyàn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni? Ta ló kọ́ ọ pé kí o na ọmọ lápá kan kí o gbé e fún ìyá rẹ̀? Tí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ìlú yìí á gbà mí? Ra òrí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lọ sókè. Fi omi gbígbóná ṣáájú, ara àgbà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kò bá tíì gbọ́ ti omi." Ó pa fóònù. Kò bi mí bóyá mo jẹun, kò bi mí bóyá mo sùn. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín abọ́ tánńganran, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, inú mi sì dùn dé ibi tó ń dùn dé.

Ọjọ́ kejì, mo wà ní abúlé Pápá Ambroise. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi, ó wo òrí tó wà lọ́wọ́ mi, ó pe ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó jẹ ẹ́ ní ìdajì ara ti dé. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbé omi kaná, mo ri aṣọ bọ̀ ọ́, mo fi mú ìbàdí òsì rẹ̀ gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ti Tàílándì parí sí àti ibi tí ti ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò Jàpáànù wà níbẹ̀, òrí Ṣakí wà níbẹ̀, pẹ̀lẹ́ sì ń dà lẹ́nu mi láìsí ẹni tó dá mi dúró. Ìyàwó rẹ̀ ń bá mi sọ ọ́.

Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ sódìkejì, mo ń gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ yípo. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ̀rọ̀ láti orí ẹní.

"Kí lò ń yí mi ká fún? Ré mi kọjá."

"Bàbá, ẹ má bínú. Nílé wa, ẹni tí a bá ré kọjá kì í ga mọ́."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àwa náà ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa," ìyàwó rẹ̀ wí. Pápá Ambroise ní, "Ọmọ mi, mo ti ga tán láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá rẹ. Ilẹ̀ ni mo kọjú sí báyìí. Ré mi kọjá, jàre."

Mo ré e kọjá. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ padà, mo dì í mú. Mo ronú pé ilé tí mo ti ń wá káàkiri láti ìgbà tí mo dé, ibi tí wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rù kan náà dẹ́rù ba ọmọ wọn, mi ò mọ̀ pé mo ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó rìn yí igi máńgòrò ká, kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ti omi gbígbóná yẹn, Madame kò lo irú rẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, gbogbo ìlú ló ń tẹ̀.

"Ta ló ń tẹ òun náà?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti mọ obìnrin náà. Mi ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ rí.

Pápá Ambroise pe Madame fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n Madame ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé, ó sì gbà mí láàyè pẹ̀lẹ́ mẹ́ta fún oníbàárà kan. Mo ń jẹ gbèsè pẹ̀lẹ́ títí di òní. Lọ́jọ́ tí ó gbà mí yìí gan-an ni mo pe ilé. Èmi kò bèèrè Látí, òun náà kò sì gbé e. Ìyá mi ló gbé e.

"Ṣé o ṣe òsì?"

"Mo ṣe é, Màámi. Wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́."

"Láti ìsàlẹ̀?"

"Láti ìsàlẹ̀."

"Ó dáa." Ó dáa ti ọjọ́sí kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè Pápá Ambroise ló jáde lẹ́nu mi.

"Màámi, ta ló ń tẹ ẹ̀yin?"

Ó ní kí n bi òun ní nǹkan mìíràn, mi ò gbà.

"Èjìká mi ọ̀tún kò gbé sókè mọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá. Mi ò wẹ ọmọ mọ́. Mo ní kí Látí má sọ fún ọ."

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo ti ń rò pé ìbínú ni kò jẹ́ kó gbé fóònù, èjìká rẹ̀ ló tún ń fi pamọ́ fún mi, èmi sì wà níbí, mò ń wá kíndìnrín lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́kadà.

"Mò ń bọ̀ wálé, Màámi. Madame á fún mi láyè. A ó kọ́kọ́ jọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní."

"Èmi? Kí ìwọ tí mo bí wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gbọ́ tó ń wá ohun tó máa fi bá mi jà, tí kò rí i.

"Fọ ẹsẹ̀ náà dáadáa kí o tó dé," ìyá mi wí.